OMI ÒJÒ ỌDÚN 1918 NÍ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí ogun ńlá àwọn òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ Èkó. Lúkúlúkú ni àwọn baba wa pè é. Ẹni tí ó jí ní àlàáfíà lè wà lórí ẹní kí ilẹ̀ tó ṣú. A ṣírò pé ó pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Kí ni àwọn oníṣègùn lè ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: wọn kò ní oògùn rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń fà á. Ọdún 1933 ni a tó rí kòkòrò rẹ̀ lára ènìyàn. Ní Èkó, àwọn wolé-wolé ń wọ ojúlé dé ojúlé, ọ̀pọ̀ sì sá jáde nítorí ìbẹ̀rù wọn. Wọ́n sì gbé àrùn náà dé ibi tí wọ́n sá lọ.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan, tí Joseph Sadare jẹ́ aṣíwájú wọn, ń pàdé fún àdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, darapọ̀ mọ́ wọn. Àrùn yìí ti dá òun náà dùbúlẹ̀ rí. Ó ní òun gbọ́ ohùn pé òjò yóò rọ̀, kí àwọn aláìsàn lo omi rẹ̀, kí wọ́n sì kọ oògùn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a pe ẹgbẹ́ náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe yára rẹ́rìn-ín. Bí àrùn náà ti burú tó, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó kọlù ni ara wọn yá láìlo ohunkóhun. Ẹni tí ó mu omi òjò tí ó sì dìde, kí ni yóò yìn bí kò ṣe omi? Ẹni tí ó mu ún tí ó sì kú kò lè wá jẹ́rìí. Omi náà kò ná ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń fún ni ní ìrètí ní ọjọ́ tí ìjọba kò ní ìrètí kan láti pín.

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan. Ní ọdún 1998, ìròyìn tàn ní Amẹ́ríkà pé oje kan tí ìfun ń ṣe, secretin, mú kí àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù máa sọ̀rọ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pè é ní orúkọ rí, kí ni kò ní rà? Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn ní North Carolina kó ọmọ 60 jọ. Wọ́n gún àwọn kan ní secretin, wọ́n gún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán, àwọn òbí kò sì mọ èyí tí ọmọ wọn gbà. Ìyàtọ̀ kò sí: ara àwọn kan nínú àwọn olómi iyọ̀ náà dà bí ẹni pé ó ń sunwọ̀n. Lẹ́yìn tí a sọ èyí fún àwọn òbí, 69 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ṣì ń fẹ́ oje náà.

Ní ti Ìjẹ̀bú, omi òjò fúnra rẹ̀ kò ṣe ni ní ibi. Kíkọ oògùn sílẹ̀ ni ó le. Lúkúlúkú kọjá, ibà kò kọjá. Kuiníìnì tí a ti dán wò sì wà fún ibà. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà, tí ó ti bá Faith Tabernacle ti Philadelphia dá májẹ̀mú, dúró lórí àdúrà nìkan. Nítorí ọ̀ràn yìí àti ti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, Sadare àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ìjọ St. Saviour's sílẹ̀ ní ọdún 1922. Láti inú ẹgbẹ́ wọn ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti hù lẹ́yìn náà.