Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ fún Sarah? Obìnrin Adití Nínú Fíìmù Ìfẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi nígbà kan rí á rántí pé mi ò gbà pé ẹnu nìkan ló ń sọ èdè. Ojú yẹn náà ni mo fi ń wo fíìmù ìfẹ́ tí obìnrin abirùn bá ti jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn.

Nínú City Lights tí Charlie Chaplin gbé jáde ní 1931, afọ́jú ni ọmọge tó ń ta òdòdó, àmọ́ kí eré tó parí, ojú rẹ̀ ti là. Virginia Cherrill tó ṣe é, kì í ṣe afọ́jú. Ní 1948, Johnny Belinda dé. Wọn ò wo Belinda sàn ní tirẹ̀. Dókítà tó kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jane Wyman, tó gba Oscar nítorí rẹ̀, etí rẹ̀ gbọ́ràn dáadáa.

Ọdún 1986 ni Children of a Lesser God jáde, Randa Haines ló darí rẹ̀. Sarah Norman ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Olùkọ́ tuntun kan, James Leeds, nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kó máa fi ẹnu sọ̀rọ̀. Sarah kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìjà lórí èdè ni ìjà ìfẹ́ wọn. (Àwa náà ńkọ́? A máa ń pe adití ní odi, bí ẹni pé ọwọ́ ò lè sọ̀rọ̀.) Marlee Matlin tó ṣe Sarah ti di adití láti ọmọ oṣù 18. Ní 1987, ó gba Oscar òṣèrébìnrin tó peregedé jù lọ, ní ọmọ ọdún 21. Kò tíì sí ẹni tó kéré jù ú lọ tó gbà á. Kí eré náà tó di fíìmù, orí ìtàgé ló wà, níbi tí Phyllis Frelich, adití bíi tirẹ̀, ti gba Tony ní 1980.

Ohun kan ṣì ń dùn mí níbẹ̀. Láti 1960 ni William Stokoe ti fi hàn pé èdè adití Amẹ́ríkà ní ìhun tirẹ̀, bí èdè yòówù. Síbẹ̀, fíìmù yìí ò fi àkọlé sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Sarah. William Hurt, tó ṣe James, ló ń fi ẹnu tún un sọ fún wa. Bí Sarah bá ń bínú, ohùn ọkùnrin là ń gbọ́. Obìnrin tó ní òun ò ní yá ohùn ẹnikẹ́ni, wọ́n wá gbé ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ lé e lórí!

Nínú CODA, ní 2021, Matlin di ìyàwó Troy Kotsur, tí òun náà jẹ́ adití. Ọmọ wọn ni ògbifọ̀ wọn láàrin ìlú. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya náà bá ń ṣeré ìfẹ́, tàbí tí wọ́n ń ta ko ara wọn, ọwọ́ ló ń sọ ọ́, àkọlé ìsàlẹ̀ la sì fi ń gbọ́ wọn.