Ìdọ́gba àti Ohùn Ará Ìlú ní Etíkun Ìlàjẹ: Àyẹ̀wò Ìtàn Ayétòrò

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìdọ́gba nínú ohun ìní ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ó ń bá àwùjọ jẹun nínú àwo kan náà ti ní ohùn kan náà nínú ìpinnu ìlú? Ìtàn Ayétòrò, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ìdọ́gba, ọ̀tọ̀ ni ohùn.

Ìjọba Onígbàgbọ́
Abẹ́ àwọn ọba bí Olúgbò ti Ugbò àti Amapetu ti Màhín ni àwọn ará Ìlàjẹ wà tipẹ́. Ní 1947, àwọn kan nínú ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Inúnibíni ni ó lé wọn kúrò ní abúlé wọn, nítorí pé wọ́n tako àwọn àṣà bíi pípa ìbejì. Àpò kan ṣoṣo ni owó ẹja, ọkọ̀ kíkàn àti bàtà ṣíṣe ń wọ̀. Láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé ti ń kan olúkúlùkù. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó ń tọ́ olórí. Ẹni tí ó bá tako ọba lè dàbí ẹni tí ó tako Ọlọ́run. Ọba Ethuofin Peter, olórí àkọ́kọ́, wàjà ní 1966. Ní 1968, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fàyè gba òwò àdáni, àpò àjùmọ̀ní sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Stanley Barrett ṣàlàyé ìdàgbàsókè àti ìṣubú yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1977. Ará ìlú tí ó ti jẹ ànfààní ìdọ́gba kò ní ìbò tí ó lè fi dáàbò bò ó.

Ìjọba Ológun
Àṣẹ ológun ni ó dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀ ní 1996, pẹ̀lú Igbókòdá gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní 100 lọ sí ibùdó epo Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron láàrin òkun. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́, àti owó gbà-má-bínú fún omi àti ilẹ̀ wọn tí ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ní Parabe, ìbọn ni ó dá ẹnu lóhùn, ènìyàn méjì sì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2008.

Ìjọba Àwaarawa
Láti 1999, àwọn ará Ìlàjẹ ń dìbò. Àjọ NDDC, tí a dá sílẹ̀ ní 2000, gbé iṣẹ́ ìdènà omi òkun ní Ayétòrò jáde ní 2004, ṣùgbọ́n ìgbì òkun ṣì ń wó ilé, ilé-ìwé àti ibojì. Ìbò wà, etí tí yóò gbọ́ ohùn olùdìbò lẹ́yìn ìdìbò ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ìgúnlẹ̀
Ayétòrò àtijọ́ ní àjọjẹ láìní ìbò. Ìlàjẹ òde òní ní ìbò láìní ìdáhùn tí ó tó. Nítorí náà, orúkọ ìjọba nìkan kò tó fi díwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́: ta ni ó ń jẹ nínú ọrọ̀ ìlú, ta sì ni ó lè bi alákòóso léèrè, kí ó sì rí èsì gbà?