Òkè Lẹ̀ Ń Wò: Ẹ́ńjìnnì Lọ́rì Nínú Jíìpù Oko

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." A máa ń pa òwe yìí nígbà tí ọmọ bá fìdí rẹmi níléèwé tí a sì mọ̀ pé láti ilé ni ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ju pé kí a wá ìdí ọ̀ràn lọ. Ẹrù náà wọ́ lóòótọ́. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, amúkùn-ún pàápàá kò sì bá wọn jiyàn pé ẹrù òun gún. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n bá tú ẹrù náà, tí wọ́n tún un dì nígbà mẹ́wàá, bí òun bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, yóò tún wọ́, torí orí kàn ń gba ẹrù ni, ẹsẹ̀ ló ń rù ú. Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ bí ìwúwo ṣe ń gba ara nǹkan kan bọ́ sí ara òmíràn títí tó fi dé ilẹ̀. N kò mọ ibi tí ìmọ̀ yìí ti wúlò tó ọgbà mẹkáníìkì, pàápàá lọ́jọ́ tí onímọ́tò bá wọlé, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi yọ ẹ́ńjìnnì jíìpù yìí, ẹ fi ti lọ́rì sí i."

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó jáde láti Òṣogbo, tó gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, kò ní béèrè ìdí tí ènìyàn fi lè ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà wà lójú títì ńlá. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907 náà gba apá ibẹ̀ kọjá lọ sókè. Ṣùgbọ́n oko kì í sí létí títì. Obì tí a fi mọ Ìkìrun, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹyìn, ojú ọ̀nà oko ni gbogbo wọn ń gbà jáde, ọ̀nà tó ń gun òkè olókùúta níhìn-ín, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀tìn lọ́hùn-ún. Nígbà òjò, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa di táyà mú. Mọ́tò tó lọ lófìfo wọ́ọ́rọ́wọ́ lè máa bọ̀ pẹ̀lú ẹrù kó wá kú sáàárín ẹrẹ̀. Ó di dandan kí olúwa rẹ̀ máa wá agbára kún agbára.

Lára àwọn tó fi irú pípààrọ̀ yìí jẹun nílẹ̀ wa ni àwọn oní-agbégilódò. Bedford ló pọ̀ jù nínú lọ́rì wọn, ọmọ ìyá bọ́lẹ́kájà ayé àtijọ́, èyí tó ń wọ inú igbó lọ gbé gẹdú tí mọ́tò mìíràn kò lè sún mọ́. Nígbà tó di 1986, General Motors tó ni Bedford dáwọ́ ṣíṣe lọ́rì ńlá dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì Bedford sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Mercedes 911 ní tirẹ̀ ti kún ojú títì. Ilé-iṣẹ́ ANAMMCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ń to lọ́rì Mercedes nígbà náà ní Emene lẹ́bàá Enugu, kò sì sí ìlú tí ènìyàn kò ti lè rí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tú. Ara Bedford kò tíì gbó, ẹ́ńjìnnì ló kú. Ẹ́ńjìnnì 911 wà nílẹ̀ lọ́jà Òwòdé Onírin ní Èkó. Bí wọ́n ṣe gbé ọ̀kan sínú èkejì nìyẹn. Mo fẹ́ kí a kíyè sí i pé ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ẹ̀yà ara má baà wọ́n wọn, àti pé lọ́rì ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lọ́rì sí. Ìsàlẹ̀ Bedford tó ẹrù náà rù.

Jíìpù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a mú Land Rover àtijọ́, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Leyland tò ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2.25, agbára rẹ̀ tó ẹṣin 70. Ti lọ́rì Mercedes, ìyẹn OM 352 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1964, jẹ́ lítà 5.7, sílíńdà mẹ́fà, agbára rẹ̀ sì lè tó ẹṣin 130. Àwọn nọ́ńbà yìí ló ń fa ojú ọ̀pọ̀ onímọ́tò mọ́ra, bẹ́ẹ̀ òkè ni gbogbo wọn wà. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ṣe le tó nígbà tó bá ń yí ṣáàfù. Ti Land Rover tó nǹkan bí 168 Nm, ìyẹn òdiwọ̀n agbára yíyí. Ti lọ́rì tó 350, ìlọ́po méjì. Nígbà tí dírẹ́bà bá sì wọ jíà kìíní pẹ̀lú jíà ẹrẹ̀, gíábọ́ọ̀sì àti dífà Land Rover á sọ agbára yìí di nǹkan bí ìlọ́po ogójì kó tó dé táyà. Ara ṣáàfù méjì tó wà nínú ásù ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá. Ṣáàfù yìí tín-ín-rín. Bẹntiróòlù tó bá a wáyé pàápàá ti ń kán an láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wa Land Rover ìgbà náà pẹ́ yóò jẹ́rìí. Bí a bá wá gbé ìlọ́po méjì lé e nínú ẹrẹ̀ Òkukù, tí táyà kan di mú, tí dírẹ́bà sì tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ariwo "kàù" kan ni yóò gbọ́, mọ́tò á dúró, ẹ́ńjìnnì á sì máa ké lásán. Ásù Salisbury tó wà lẹ́yìn Land Rover gígùn ìgbà Series III lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ rí irú rẹ̀ kó tó gba owó ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ eré náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì kì í yí ju 2,800 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti bẹntiróòlù ń yí kọjá 4,000. Bí dífà bá wà bó ṣe wà, jíìpù náà yóò máa gbin lójú títì, gbogbo tírélà yóò sì máa yà á sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi dífà Range Rover àtijọ́ sí i láti wá ojútùú sí èyí, torí ó máa ń wọlé sínú ásù tó bá Land Rover náà wáyé, bí kì í bá ṣe Salisbury.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dójú ẹ̀ jù ni ìsopọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì. Ihò bóòtì ti ọ̀kan kò bá ti èkejì mu, nítorí náà wọ́n ní láti gé irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀wọ́ ihò méjì sí i, ọ̀wọ́ kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀wọ́ kan fún gíábọ́ọ̀sì. Jórinjórin lè gé e, àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ha irin ló lè parí rẹ̀. Ìdí ni pé orí ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì máa ń wọnú bíárì kékeré kan láàárín gbùngbùn ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí àárín méjèèjì bá fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà yẹ̀, ojú lásán kò ní rí i, mọ́tò á sì gbéra. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ariwo á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà á máa fò jáde fúnra rẹ̀, bíárì á jẹ. Onímọ́tò á wá gbalé gbọ̀nà pé ẹ́ńjìnnì òyìnbó tí wọ́n tà fún òun ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó gbọ́n a máa de òòṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, a máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, a sì máa wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn yíká ojú ihò àárín irin pẹlẹbẹ náà kó tó di bóòtì kankan. Ààbọ̀ ọjọ́ lè lọ sórí èyí nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni búréèkì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu tóóró kan, fífà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ jíìpù fi ń ran ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ́wọ́ nígbà tó bá tẹ búréèkì. Gbayawu ni ẹnu dísẹ́ẹ̀lì ṣí. Kò ní fífà kankan láti yá wa. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láì ronú kan èyí yóò tẹ búréèkì lórí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè Ìkìrun, yóò sì bá a pé ó le gbagidi. Jíìpù tí kìlógíráàmù tó lé ní 400 jókòó níwájú rẹ̀, níbi tí nǹkan bí 200 wà tẹ́lẹ̀, ló sì ń gbìyànjú láti dá dúró yìí. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀, tàbí kí wọ́n lo kọ̀ǹpírésọ̀ lọ́rì náà, kí wọ́n sì yí gbogbo búréèkì sí ti afẹ́fẹ́. Sípíríìngì iwájú náà gbọ́dọ̀ nípọn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ imú mọ́tò á tẹ̀ wálẹ̀, ìdarí á sì wúwo.

Àwọn ará Jámánì tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fi ọ̀nà tó dára hàn wá. Mercedes fi OM 352 kan náà sínú Unimog 406, mọ́tò oko tó ń wọ ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù sí ẹṣin 84, wọ́n sì mọ ásù àti jíà tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹrẹ̀ kò bìkítà fún iye ẹṣin. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì sí jíìpù fẹ́ràn Cummins 4BT, lítà 3.9, sílíńdà mẹ́rin, tó wá láti inú ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń pààrọ̀ ásù pọ̀ mọ́ ọn.

Fún àgbẹ̀ tó fẹ́ kó àpò obì jáde láti oko, èrò tèmi ni pé kó gbàgbé ẹ́ńjìnnì 911. Dísẹ́ẹ̀lì Toyota kékeré, irú èyí tó wà nínú Hilux àti Hiace, tó lítà 2.4 tàbí 2.8, á gbé ẹrù rẹ̀ láì fọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n. Kó tún ṣírò owó epo rẹ̀ dáadáa, torí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n ju bẹntiróòlù lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ti lọ́rì dandan, kó ra ásù, búréèkì àti sípíríìngì kó tó ra ẹ́ńjìnnì. Bí owó bá tán lórí wọn, kó dúró di ìgbà tí òmíràn bá wọlé. Kó sì gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé mọ́tò, bí ọlọ́pàá bá sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà kò bá ìwé mu, àgọ́ ni mọ́tò náà yóò sùn.