Bàbà Tó Ṣòro Í Dà

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí Olókun tí wọ́n fi idẹ dà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ohun tó sọ ni pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé lágboolé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí mìíràn tún jáde, ọ̀rọ̀ Frobenius sì di aláìlẹ́sẹ̀ńlẹ̀. Títí dòní, ẹwà ojú wọn la fi ń gbèjà àwọn asúdẹ Ifẹ̀. Ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ wà nínú ohun tí wọ́n dà.

Ẹ wo ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́. Ó tó ojú ènìyàn gẹ́lẹ́, wọ́n sì la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹyinjú kí ẹni tó gbé e sójú lè ríran. Bàbà ni, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pọ́ńbélé. Bàbà kì í yọ́ àfi tí iná bá gbóná tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Idẹ, tí síǹkì wà nínú rẹ̀, ti yọ́ ṣáájú ìyẹn, òjé díẹ̀ á sì tún mú un ṣàn. Bàbà nìkan kì í fẹ́ ṣàn. Afẹ́fẹ́ tó ti fà mu nínú iná, ìgbà tó bá ń dì ló máa ń tú u jáde, ibẹ̀ ni ihò ti ń dá sí i lára. Ère bàbà tó jókòó ní Tádà, létí odò Ọya, jìyà èyí: wọ́n ní láti tún bàbà dà sí ibi tí kò kún. Ìbòjú yìí ní tirẹ̀ mọ́ roro.

Ẹnìkan lè ní òkèèrè ni bàbà ti wá, kí ọgbọ́n má bá a wá? Théodore Monod, onímọ̀ ará Faransé, rí ẹrù oníṣòwò kan nínú aṣálẹ̀ Mọriténíà, ní Ma'den Ijafen: ọ̀pá idẹ tó lé ní 2,000, pẹ̀lú owó ẹyọ. Ọ̀pá ni wọ́n ń kó kiri, kì í ṣe orí ọba. Àwọn mìíràn á ní bàbà ló délẹ̀ ni wọ́n fi lò ó. Àmọ́ Ifẹ̀ ní idẹ lọ́wọ́, orí idẹ wà ní Wúnmọníjẹ̀ kan náà. Ẹni tí bàbà bá sì sú, ṣe ni ì bá lu bàbà pọ̀ mọ́ idẹ kí iṣẹ́ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n ya bàbà sọ́tọ̀, wọ́n sì gba ìyọnu rẹ̀. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ni mo rò pé wọ́n ń wá.