Láti ibojì Íjíbítì dé ọjà Kantamanto: Ìtàn bẹ́líìtì ọrùn ajá, àti bí kò ṣe ní di okùn ikú

Láàárín aṣọ, bàtà àti báàgì òkìrìkà tí wọ́n ń tú jáde nínú béèlì ní ọjà Kantamanto, nílùú Accra, bẹ́líìtì aláwọ pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó wà ní ìbàdí òyìnbó kan rí nílùú London lè di ti ọ̀dọ́kùnrin kan ní Accra. Bí ẹnìkan bá sì gé e kúrú, tó lu ihò tuntun sí i, ó ti di bẹ́líìtì ọrùn ajá nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn. Ó gé bẹ́líìtì òkìrìkà kan tí bàbá wa kò lò mọ́, ó sì fi sọ́rùn ajá wa. Inú gbogbo wa dùn, nítorí ajá náà dà bí ajá olówó. Lóru ọjọ́ kan, ó fẹ́ fo géètì, irin orí géètì sì fi bẹ́líìtì náà kọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ la tó rí i. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ igbe rẹ̀, nítorí ajá tí nǹkan fún lọ́rùn kò lè gbó.

'Òyìnbó ti kú'

Kantamanto jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà òkìrìkà tó tóbi jù lágbàáyé. Obroni wawu ni wọ́n ń pe aṣọ òkìrìkà ní Ghana. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Twi ni pé òyìnbó ti kú, nítorí lójú àwọn tó kọ́kọ́ rí i, ta ni yóò wà láyé tí yóò fi irú aṣọ báyìí ta ọrẹ?

Iná jó apá tó pọ̀ nínú ọjà náà ní òru ọjọ́ 1 mọ́jú ọjọ́ 2, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́jà ló pàdánù ọjà wọn, àmọ́ wọ́n tún ìsọ̀ wọn kọ́, wọ́n sì padà sẹ́nu òwò.

Ọgbọ́n tí ọjà yìí fi ń jẹun ni pé ohun tí ẹnìkan jù nù lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ìbàdí ènìyàn kò mọ ohunkóhun nípa ọrùn ajá.

Ẹ̀ṣọ́ àti ààbò ló fi bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1899, Victor Loret, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́, ṣí ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Maiherpri ní Àfonífojì Àwọn Ọba ní Íjíbítì. Lára ohun tó bá níbẹ̀ ni bẹ́líìtì ọrùn ajá méjì tí wọ́n fi awọ ṣe. Wọ́n ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ. Wọ́n ya àwòrán sí wọn lára, wọ́n sì kọ orúkọ ajá kan, Tantanuit, sára ọ̀kan.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe láti fi ìyà jẹ ajá ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ń sọ fáráyé pé ajá yìí ní orúkọ, ó sì ní ẹni tó ni í.

Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ní Gíríìsì àtijọ́ fi irin ṣóńṣó sára bẹ́líìtì ajá wọn kí ìkookò má baà lè bù wọ́n jẹ lọ́rùn. Títí di òní, wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ sọ́rùn ajá Kangal ní Turkey. Ní ilé Leeds Castle ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan wà tó jẹ́ ti bẹ́líìtì ọrùn ajá nìkan. Èyí tó wà níbẹ̀ lé ní 100.

Nílẹ̀ Adúláwọ̀ ńkọ́? Nínú igbó Congo, àwọn ọdẹ máa ń so agogo igi mọ́ ajá Basenji lọ́rùn, nítorí ajá náà kì í gbó bí àwọn yòókù. Agogo yẹn ni ohùn rẹ̀ nínú igbó.

Ìgbà tó di ohun ìfúnpá

Ní ọdún 1910, Konrad Most, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń kọ́ ajá. Ìlànà tipátipá ló fi kọ́ni, ìlànà náà sì tàn kálẹ̀. Ṣéènì tó máa ń fún mọ́ ọrùn bí wọ́n bá ti fà á di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ajá kò lè ṣe aláìní.

Ìmọ̀ òde òní ti ta ko èyí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé bí ajá bá ń fa bẹ́líìtì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ máa ń lọ sókè, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tó gba àyà ni. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Nottingham Trent University fi ọrùn àtọwọ́dá dán oríṣìíríṣìí bẹ́líìtì wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gba ọrùn lọ́wọ́ ewu bí ajá bá ń fà á.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ìka yín méjì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín bẹ́líìtì àti ọrùn ajá. Bó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí igi lè há sí i.

• Ọmọ ajá ń dàgbà kíákíá, bẹ́líìtì kì í dàgbà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà jẹ wọnú ẹran ara.

• Ẹ bọ́ ọ bí ajá bá wà nínú àgò, tàbí bó bá ń bá ajá mìíràn ṣeré. Eyín ọ̀kan lè há sí bẹ́líìtì èkejì.

• Ẹ má so ajá mọ́ ẹ̀bá ògiri tàbí géètì tó lè fò. Ẹ má sì fi ṣéènì tó ń fún ọrùn so ó mọ́lẹ̀ láé.

• Bẹ́líìtì kan wà tó máa ń já fúnra rẹ̀ bó bá há. Ó dára fún ajá tó wà nínú ọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ mú un jáde, èyí tó gba àyà ló sàn jù.

• Bí ajá bá ti kọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ara rẹ̀ sókè kí ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí ọrùn, kí ẹ tó gé bẹ́líìtì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, bó tilẹ̀ ti dìde, tó ń rìn.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tiwa gbọ́ fèrè dáadáa ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é. Lóru ọjọ́ yẹn, òun ló ń pè wá, ohun tí a fi sí i lọ́rùn ni kò jẹ́ ká gbọ́.