Ariwo Okùn Lórí Sítíìlì Gìtá: Bí Atagìtá Ṣe Lè Kápá Rẹ̀

Ẹni tó bá ti dé Ìpàgọ́ Ìràpadà ti ìjọ Redeemed Christian Church of God, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò mọ̀ pé ohùn tó bá ti kúrò lórí pèpéle kì í pẹ́ kó tó jìnnà. Ọdún 1983 ni ìjọ náà gba ilẹ̀ ibẹ̀, láti ìgbà náà ni gbọ̀ngàn ìjọsìn ti ń gbòòrò sí i, títí ó fi kan èyí tí wọ́n ń pe òòró àti ìbú rẹ̀ ní kìlómítà 3 sí 3. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè bá gbà ló máa ń gbé jáde. Kò mọ èyí tí olórin fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣèèṣì kan. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó wà káàkiri Mowé, Ibafo àti Ifọ̀, ẹni tó bá ń ta gìtá lásán lè rọ́nà gbé e gbà. Ẹni tó bá jókòó ti sítíìlì gìtá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Sítíìlì gìtá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà. Ṣe ni wọ́n ń tẹ́ ẹ lórí itan tàbí kí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ irin bíi tábìlì. Ọwọ́ òsì kì í tẹ okùn mọ́ igi; ọ̀pá irin kékeré kan tó mọ́ roboto ló máa ń mú dání, tí yóò máa fi yọ̀ lórí okùn síwá sẹ́yìn. Ọmọ erékùṣù Hawaii kan, Joseph Kekuku, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá irú títa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19. Nígbà tó yá, wọ́n fi pẹ́dà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi irin tí orúnkún ń tì kún un, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, okùn kan tàbí méjì á le sí i, ohùn rẹ̀ á sì gòkè. Okùn 10 ló wọ́pọ̀ lórí rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ King Sunny Adé kò ṣe é yọ kúrò nínú ìtàn ohun èlò yìí, nítorí òun ni wọ́n mọ̀ pé ó mú un wọ inú jùjú. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ African Beats, ohùn rẹ̀ sì wà nínú àwo *Juju Music* tó jáde ní 1982 àti *Synchro System* ti 1983. Nígbà tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà ṣe àwo *Graceland* ní 1986, Adépọ̀jù náà ló ta sítíìlì sí orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Kò yani lẹ́nu pé ohun èlò yìí bá etí Yorùbá mu. Bí gángan ṣe ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìgé e, bẹ́ẹ̀ ni irin ń ṣe lórí okùn. Ohun tó sì ń ba gángan jẹ́ náà ló ń ba sítíìlì jẹ́: bí ohùn tí a kò pè bá bọ́ sáàárín, etí ẹni tó gbọ́ èdè yóò dàrú.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ohun èlò yìí kì í ṣe àjèjì. Ìjọ House of God, tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe, ti ń fi í darí ìyìn láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Willie Eason wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi í ṣe iṣẹ́ ìsìn níbẹ̀, inú ìjọ yẹn kan náà sì ni Robert Randolph ti jáde.

Kí wá ni ariwo tí à ń sọ yìí? Okùn 10 ló wà nílẹ̀, ìka mẹ́ta péré ni atagìtá sábà máa ń fi jà á: àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e, èékánná àtọwọ́dá sì wà lórí wọn. Àwọn okùn yòókù kò sùn. Bí èyí tó sún mọ́ wọn bá dún, àwọn náà á máa gbọ̀n. Bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè bá pariwo jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á tún gbọ̀n sí i. Okùn tí a já tẹ́lẹ̀ náà kò ní tètè dákẹ́, yóò máa dún mọ́ èyí tó tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ìka bá ti já okùn, kí etí àtẹ́lẹwọ́, níhà ìka tó kéré jù, rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn okùn kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kó sì dìde bí ìka bá fẹ́ já òmíràn. Kì í ṣe lílù o, fífara kàn ni. Ẹni tó ń lu kóńgà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọwọ́ tó lu awọ náà ló ń pa á. Àwọn kan kì í lo àtẹ́lẹwọ́, èékánná fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sórí okùn láti dá a dúró. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ fún orin kíákíá, ṣùgbọ́n bí èékánná irin bá kan okùn tó ṣì ń dún, yóò ta tíì, tí gbogbo ènìyàn á gbọ́. Nítorí náà, ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

Ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Okùn ń gbọ̀n níwájú irin, ó sì tún ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, níhà orí gìtá. Ohùn ẹ̀yìn yìí kì í bá orin mu rárá. Ìka kẹrin àti ìka tó kéré jù gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé irin lẹ́yìn, kí wọ́n sùn sórí okùn ní gbogbo ìgbà. Irin náà kò sì gbọdọ̀ fò sókè lójijì: ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ pa okùn, kí òsì tó gbé irin kúrò. Bí irin bá fúyẹ́ jù lórí okùn, yóò máa han gààràgà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ohùn á yẹ̀.

Ariwo fífà, èyí tó ń dún ṣẹ̀ẹ́ bí irin ṣe ń yọ̀, orí àwọn okùn nínípọn tí wọ́n fi wáyà wé ni ó ti ń wá. Okùn tí wọ́n ti dán ara rẹ̀ kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Irin tó bá ti há tàbí tó ní egbò kò dára mọ́, ó ń jẹ okùn. Òógùn ọwọ́ nínú ooru ilẹ̀ wa sì ń bá okùn jẹ́ kíákíá, aṣọ gbígbẹ kan nínú àpò ni oògùn rẹ̀, kí a fi nu ún lẹ́yìn gbogbo títa.

Ó ku ti iná, èyí sì ni ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí. Ohùn wùùù tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn, láti ara iná mànàmáná ni, tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ jẹ́ 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ní ìwé wáyà kan ṣoṣo ló máa ń gbà á jù. Èyí tó ní méjì tó doríkọ ara wọn máa ń pa á. Bí atagìtá bá yí àga rẹ̀ padà díẹ̀, tó sì jìnnà sí tìráńsífọ́mà, ó máa ń dín kù. Kí gbogbo ẹ̀rọ orí pèpéle sì gba iná láti ojú ibì kan náà.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gé ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tó lọ sínú ilẹ̀, kí wùùù lè dákẹ́. Ó máa ń dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iná yóò gbà sá wọ ilẹ̀ ni wọ́n dí yẹn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, okùn gìtá lè máa gbé iná, irin tó sì wà lọ́wọ́ atagìtá kò ní dá a dúró. Bí ẹni náà bá wá fẹnu kan máíkì tó ń gba iná láti ibòmíràn, ara rẹ̀ ni iná yóò fi ṣe ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà ilẹ̀ ń fa irú ewu kan náà. Kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná kó ri irin ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ òun dé, ìdánwò kan wà: kó yan okùn méjì tí kò fara kan ara wọn, kó máa já wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín èkíní àti èkejì. Kó gbé ohùn ẹ̀rọ sókè ju bó ṣe sábà ń lò ó lọ nígbà tó bá ń ṣe é. Tí ìdákẹ́jẹ́ náà bá mọ́, kó yára sí i díẹ̀.