Ìbéèrè Nínú Ìbéèrè: Bí SQL Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1970, Edgar Codd ti IBM dábàá pé kí a máa to dátà sínú tábìlì, ṣùgbọ́n èdè ìṣirò tó lò le. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé SEQUEL, tó di SQL, jáde fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Boyce kú lọ́dún náà gan-an.

Òṣìṣẹ́ wo ni owó oṣù rẹ̀ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ? Ìbéèrè inú á wá owó ọ̀gá. Ti òde á fi í sẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ irú rẹ̀: bí awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ló rí. "Rẹ̀" kékeré yẹn ló so inú mọ́ òde. Bí a bá yọ ọ́, a ò ní mọ ọ̀gá ta ni à ń wí.